Kéèjì pọ̀, eku tó wúlò kò tó: ìdáhùn fún ẹni tó ń bójú tó eku láàbù

Òǹkàwé kan kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti fi mí ṣe alábòójútó eku ní láàbù wa. C57BL/6J ni wọ́n, ìyẹn ẹ̀yà eku dúdú kan tí àwọn láàbù ń lò, a ti ba jíìnì kan jẹ́ lára wọn. Kéèjì 28 ni mo bá nílẹ̀, akọ kan abo kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì jẹ́ èyí tí ẹ̀dà jíìnì kan ṣoṣo bàjẹ́ lára wọn. Akọ 12 tí ẹ̀dà méjèèjì bàjẹ́ lára wọn ni ọ̀gá mi ń béèrè, tí a bí láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Mi ò rí 12 kó jọ rí. Àwọn ọmọ kan tún máa ń pòórá lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí wọn, mo rò pé bàbá wọn ló ń jẹ wọ́n. Ọ̀gá ní kí n sọ kéèjì di 40. Ṣé ohun tó kàn nìyẹn?”

Ẹ kú iṣẹ́ o. Rárá, kì í ṣe ohun tó kàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí kéèjì 28 lè mú wá ná, ká tó dá eku kankan lẹ́bi. Kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn, n ó máa pe èyí tí jíìnì bàjẹ́ lápá kan lára rẹ̀ ní “ẹ̀dà kan”, èyí tó bàjẹ́ lápá méjèèjì ni “ẹ̀dà méjì”.

Oyún eku máa ń tó ọjọ́ 19 sí 21. Tí akọ bá ń gbé pẹ̀lú abo, abo náà lè tún lóyún láàárín wákàtí 24 tó bímọ, nítorí náà tọkọtaya tó ṣì lágbára á máa bí ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Kéèjì 28 á fún yín ní ìbí 7 lọ́sẹ̀. C57BL/6J kì í bí rẹpẹtẹ. Ẹ fi 5 sí iye ọmọ tó máa yè títí ẹ ó fi já wọn lẹ́nu ọmú. Ọmọ 35 nìyẹn. Tí ẹ̀dà kan bá gun ẹ̀dà kan, ìdámẹ́rin ọmọ ló máa jẹ́ ẹ̀dà méjì, ìdajì àwọn yẹn ló sì máa jẹ́ akọ. Ẹ pín 35 sí ọ̀nà mẹ́jọ. Akọ mẹ́rin àti díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni, nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ geerege, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sọ ọ́ di kéèjì 40, ẹ ó rí mẹ́fà. Owó á ti bá a lọ, iṣẹ́ fífọ kéèjì á ti pọ̀ sí i, 12 kò sì ní pé síbẹ̀.

Nítorí náà kò sí ohun tó ṣe eku yín ní ti iye. Ètò tí ẹ bá nílẹ̀ ni kò bá ohun tí ọ̀gá ń béèrè mu. Tọkọtaya tó ń gbé pọ̀ títí dára fún ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀yà eku kan má parun, tàbí tó ń fẹ́ eku méjì mẹ́ta lóòrèkóòrè. Kò dára fún ẹni tó fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn.

Ọjọ́ tí ọ̀gá fẹ́ lo eku ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kí ẹ máa kà á bọ̀ sẹ́yìn. Akọ ẹ̀dà méjì 12 túmọ̀ sí ọmọ 96. Àmọ́ ìpíndọ́gba nìyẹn o. Nínú ọmọ 96, ó lè jẹ́ 9 ni ẹ ó rí, ó lè jẹ́ 15. Tí ẹ bá fẹ́ kí 12 pé ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá, ọmọ 130 ni kí ẹ wéwèé fún, ìyẹn abo 26 tó bímọ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí han ọ̀gá yín lórí ìwé kí ó tó sọ̀rọ̀ kéèjì mọ́.

Ohun tó máa dín in kù ni pé kí ẹ yí àwọn tí ẹ ń so pọ̀ padà. Tí abo ẹ̀dà méjì nínú ẹ̀yà yín bá lára líle, tó ń bímọ, tó sì ń tọ́ wọn, ẹ so ó pọ̀ mọ́ akọ ẹ̀dà kan. Ìdajì ọmọ á jẹ́ ẹ̀dà méjì, ìdajì yòókù á jẹ́ ẹ̀dà kan. Ọmọ 130 yẹn á já sí bí 64, abo 13 ló sì máa bí i. Ìpèsè abo náà kò jìnnà: gbogbo abo ẹ̀dà méjì tí kéèjì 28 yẹn ń bí, tí ẹ ṣeé ṣe kí ẹ máa kà sí àṣẹ́kù nítorí pé akọ ni ọ̀gá ń wá, àwọn ni ẹ ó máa kó pa mọ́. Mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni ìṣirò òkè yẹn fi hàn, nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje ẹ ó ti ní tó 26, ìyẹn ìlọ́po méjì 13, torí kì í ṣe gbogbo abo tí ẹ bá so pọ̀ ló máa lóyún. Akọ ẹ̀dà kan sì ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀.

Ìyẹn dúró lórí pé àwọn ẹ̀dà kan lè ṣe àfiwé nínú ìwádìí yín, pé apá jíìnì tí kò bàjẹ́ lára wọn tó láti jẹ́ kí wọ́n rí bí eku tí nǹkan kan kò ṣe. Ọ̀gá ló máa mọ̀. Tí ó bá ní eku tí jíìnì rẹ̀ pé ni òun fẹ́, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ẹ̀dà kan sí ẹ̀dà kan ni ẹ ó padà sí, pẹ̀lú ọmọ 130 rẹ̀. Àwọn láàbù kan máa ń so ẹ̀dà méjì pọ̀ mọ́ ẹ̀dà méjì kí gbogbo ọmọ lè wúlò, wọ́n á wá ra eku tí jíìnì rẹ̀ pé láti ibòmíràn fi ṣe àfiwé. Ó ń dín kéèjì kù lóòótọ́, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìyá ọ̀tọ̀, kéèjì ọ̀tọ̀, kòkòrò inú ìfun ọ̀tọ̀. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí lè máà ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú jíìnì tí ẹ ń wò. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ tí olùtajà bá fún yín ní C57BL/6N. Orúkọ wọn jọra, àmọ́ C57BL/6J ti pàdánù apá kan nínú jíìnì Nnt, èyí tó kan bí ara ṣe ń lo ṣúgà, nígbà tí Nnt ti C57BL/6N ṣì pé. C57BL/6N ní tirẹ̀ sì ní àyípadà rd8 nínú jíìnì Crb1, tó ń ba ẹ̀yìn ojú jẹ́. Ẹni tó fi ọ̀kan ṣe àfiwé èkejì lè lo ọdún mẹ́ta lórí Nnt láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí bí ẹ ó ṣe mú kí abo púpọ̀ lóyún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ni ara abo fi ń yí po, òru kan péré nínú wọn ló sì ń gbà fún akọ. Tí ẹ bá kàn ti abo 20 mọ́ akọ lálẹ́ kan ṣá, bí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹ ó rí. Òórùn ló ń tún èyí ṣe. Van der Lee àti Boot ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1955 pé tí abo bá wà pọ̀ lójú kan láìsí akọ, ìyípo ara wọn á dàrú. Ní 1956 Whitten fi hàn pé tí nǹkan akọ bá wá sún mọ́ wọn, ìyípo náà á tún bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á sì gbà ní òru kẹta. Inú ìtọ̀ akọ ni òórùn náà wà.

Bí ẹ ó ṣe lò ó rèé. Ẹ kó abo tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin tàbí márùn-ún-márùn-ún, jìnnà sí akọ. Akọ ní tirẹ̀ á ti dá gbé kéèjì rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ìtẹ́lẹ̀ kéèjì akọ, níbi tó ti tọ̀ sí jù, ẹ dà á sínú kéèjì abo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ gbé abo méjì-méjì lọ bá akọ kọ̀ọ̀kan. Abo ló ń lọ bá akọ o. Akọ tí ẹ bá gbé kúrò nílé rẹ̀ á fi òru náà gbóòórùn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí abo kò bá tilẹ̀ lé e. Abo 26 àti akọ 13, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ papọ̀ fún òru mẹ́rin. Ìdajì tó bá lóyún ti tó fún yín.

Láràárọ̀, kí ọjọ́ tó gòkè, ẹ wò wọ́n. Ẹ di ìdí ìrù abo mú, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ iwájú gbá irin orí kéèjì mú, kí ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀. Tí akọ bá ti gùn ún, ẹ ó rí èdídí líle kan, funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀, tó dí ojú ara rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń jìn sínú, ó sì yẹ kí ẹ fi igi tín-ín-rín tó mọ́ tọ́ ọ wò jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá dé lọ́sàn-án lè máà bá a mọ́, torí ó ń yọ́, ó sì ń jábọ́. Èdídí fi hàn pé wọ́n gùn. Kò fi hàn pé ó lóyún. Ẹ wọn abo náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ tún un wọ̀n ní ọjọ́ kẹwàá, ìwọ̀n á sọ fún yín.

Ìgbà tí ẹ bá ti rí èdídí, ẹ má gbé abo náà sún mọ́ akọ mìíràn. Hilda Bruce ló fi èyí hàn ní 1959: òórùn akọ àjèjì lè mú kí oyún tuntun bàjẹ́, kí ọlẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, ìyẹn ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Mo ti rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń da abo elédìídí pọ̀ sínú kéèjì tí akọ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, láìpààrọ̀ ìtẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá ń ṣàròyé pé oyún kì í dúró.

Ní ti ọmọ tó ń pòórá, ẹ má tíì gbé e ka bàbá lórí. Lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ á ti kú kí ìyá tó jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ òkú mọ́ nínú ìtẹ́ nìyẹn. Ohun tó pa á ni kí ẹ wá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ rọra ṣí kéèjì, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì oníná pupa wò ó. Ọmọ tára rẹ̀ dá á pọ́n, wọ́n á gbá jọ sójú kan, awọ ikùn wọn á sì tín-ín-rín débi pé ẹ ó rí wàrà nínú ikùn wọn, àbàwọ́n funfun kan lápá òsì. Tí àbàwọ́n yìí kò bá sí lára èyíkéyìí wọn, ìyá ni kí ẹ bi: ṣé ọmú rẹ̀ ń jáde, ṣé omi kéèjì ń sun, ṣé ara rẹ̀ le? Tí àbàwọ́n bá wà lónìí tí wọ́n sì kú lọ́la, òtútù tàbí ìdíwọ́ ni, tàbí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn.

Òtútù kọ́kọ́. Yàrá eku sábà máa ń wà ní 20 sí 26 °C, èyí tó bá àwa tí a wọṣọ lára mu. Eku ní tirẹ̀ fẹ́ kí ó sún mọ́ 30, ọmọ tí kò tíì nírun sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtẹ́ ló fi ń dí àlàfo náà. Ẹ fún abo kọ̀ọ̀kan ní bébà gígé tó tó gíráàmù 8 sí 10, kí ẹ wo ohun tó fi í kọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìtẹ́ tó dáa ní ògiri, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orí. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ń sọ fún yín pé bébà kò tó, tàbí pé wọ́n ń dí ìyá lọ́wọ́.

Ìdíwọ́ sì ni ohun tí àwa èèyàn ń fà jù. Ẹ má pààrọ̀ kéèjì abo tí oyún rẹ̀ ti wọ ọjọ́ mélòó kan tó kẹ́yìn, ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ títí ọmọ á fi pé ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, odindi ìtẹ́ ni kí ẹ gbé, kí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ sí ra ìtẹ́lẹ̀ kéèjì náà. Ariwo tí àwa kò gbọ́ tún wà: ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n lábẹ́ pákó, kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù tó ń han, kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sórí kéèjì. Etí eku gbọ́ ohun tó ga ré kọjá tiwa.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn wá ni mo rò pé ó ṣeé ṣe jù lọ́dọ̀ yín, nítorí pé akọ ń gbé pẹ̀lú abo. Ìyá ti tún lóyún lọ́jọ́ tó bí ti àkọ́kọ́, nítorí náà ìbí tuntun ń bọ̀ gẹ́lẹ́ bí ìbí àtijọ́ ṣe ń pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ẹ kò bá tètè já àwọn àgbà lẹ́nu ọmú, wọn á máa tẹ àwọn ọmọ ọwọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa fa ọmú gbẹ. Ọjọ́ 21 ni kí ẹ kó wọn kúrò. Ẹni tó bá ní wọ́n ṣì kéré, kó rẹ oúnjẹ kó rọ̀, kó gbé e sílẹ̀ kéèjì tuntun, kó fa ẹnu ìgò omi wálẹ̀. Tí ẹ bá wo ìwé yín, mo gbà pé ẹ ó rí i pé ìbí kejì àti ìkẹta ló ń pòórá jù, kì í ṣe àkọ́bí. Tó bá jẹ́ àkọ́bí ni, ìyẹn wọ́pọ̀ nínú C57BL/6, ẹ fún abo náà láyè kan sí i. Èyí tó bá pàdánù ìbí méjì léra, ẹ yọ ọ́.

Tí ọmọ kan bá ṣe pàtàkì tí ìyá rẹ̀ kò sì tọ́ ọ, ẹ lè gbé e fún abo mìíràn tó bímọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì sí ti tirẹ̀. CD-1, ẹ̀yà eku mìíràn, dára fún èyí, torí ó ń bí púpọ̀, ó sì ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Funfun ni tirẹ̀, dúdú ni tiyín, wọn kò lè dàrú mọ́ yín lọ́wọ́ tírun bá ti hù. Ẹ kó díẹ̀ nínú ọmọ tirẹ̀ kúrò, ẹ fi ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ra àwọn àlejò lára, kí ẹ tó kó wọn sáàárín.

Ẹ kò sọ ọjọ́ orí àwọn òbí yìí fún mi, ìyẹn sì ń kọ mí lóminú. Ẹ ti lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀, ẹ sì bá wọn nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òbí, nítorí náà wọ́n ti lé ní oṣù mẹ́fà dáadáa. Láti oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ni agbára ìbímọ abo ń ṣubú: ìbí á máa jìnnà síra, ọmọ á máa dín kù, láìsí àmì kankan lára ìyá. Abo tí kò bímọ fún ọjọ́ 60, ẹ má wulẹ̀ dúró dè é. Kí ẹ má sì pààrọ̀ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, torí wọn á tún jọ darúgbó lọ́jọ́ kan ni. Ẹ máa pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Ìwé ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó yẹ kó lọ. Lórí káàdì kéèjì kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹ̀yà ní kíkún, nọ́ńbà bàbá àti ìyá, ọjọ́ ìbí wọn, ọjọ́ tí wọ́n pàdé, iye tí wọ́n bí, iye tí ẹ já lẹ́nu ọmú. Ẹ pín iye tí ẹ já lẹ́nu ọmú sí iye abo, ẹ tún pín in sí iye ọ̀sẹ̀. Ní C57BL/6, ọmọ kan fún abo kan lọ́sẹ̀ kan ti dáa gan-an. Iye tí wọ́n bí nìkan kò wúlò. Ibi tí iye tí wọ́n bí àti iye tí ẹ já lẹ́nu ọmú bá ti jìnnà síra ni iṣẹ́ yín wà. Ẹ sì máa wo àwọ̀: láàárín eku dúdú, ọmọ kan ṣoṣo tó bá ní irun pípọ́n rúsúrúsú ń sọ pé ẹnìkan ti wọlé tí kì í ṣe ti ibẹ̀. Ẹ má fojú fò ó.

Tí ẹ bá ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo ní ọjọ́ 21, ẹ gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ihò ìdí àti ojú ara. Ti akọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ tún wò wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Akọ kan tó bá ṣì wà láàárín àwọn arábìnrin rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn tí kò ní wúlò, torí wọ́n máa wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa gba kéèjì fún oṣù mẹ́ta kí ẹ tó ronú wọn. Àwọn mìíràn nínú ilé ìwádìí yín lè nílò ẹran ara wọn tàbí kí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tí ẹ bá máa pa, kó jẹ́ lọ́nà tí ìgbìmọ̀ ìlò ẹranko yín fọwọ́ sí. Ohun tí Russell àti Burch, àwọn tó kọ ìwé lórí bó ṣe yẹ ká máa lo ẹranko fún ìwádìí, ń béèrè láti 1959, pé ká dín iye ẹranko kù, orí tábìlì ìṣirò ló ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ọmọ ti délẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kí ẹ tó dín kéèjì kù. Ẹ ní kí wọ́n dì àtọ̀ akọ ẹ̀dà kan mẹ́ta mẹ́rin sínú nitrogen olómi, kí wọ́n sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ dán an wò bóyá ó ṣì ń mú ẹyin lóyún, torí àtọ̀ C57BL/6 kì í fara da yìnyín bíi ti àwọn ẹ̀yà mìíràn. Tí ìyẹn bá ti wà ní ìpamọ́, kéèjì tọkọtaya mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó láti dá ẹ̀yà náà sí, kí ẹ sì máa mú eku C57BL/6J tuntun wá látọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún yín ní ìran márùn-ún sí mẹ́wàá síra, kí ẹ̀yà yín má bàa di tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kéèjì 18 tó bá ṣẹ́ kù ni ẹ ó fi ṣe ti àwọn abo 26.